Ẹgbẹ́ onílé àlejò tí mò ń san owó fún: wọ́n kọ ọ́ pé ilé mi ti kún, yàrá mi sì ṣófo

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àwa onílé àlejò ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀, á ti mọ àwọn tí mò ń bá wí. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ní àwọn ń ṣe: ìwé ìròyìn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀dínwó níbí àti lọ́hùn-ún, ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti pátákó kékeré tí a máa ń kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn kọ́ ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni.

Ó ku ọ̀la kí àjọ̀dún eégún bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ti ọdún tó kọjá ni mò ń wí. Ẹni tó ń gbé ìlú yìí mọ bó ṣe máa ń rí: àwọn ará Kútọnu á kó ara wọn dé, àwọn ọmọ Èkó á gba ẹnubodè wọlé, òyìnbó á gbé kámẹ́rà kọ́rùn máa tẹ̀ lé Zangbeto, eégún ọdẹ òru àwọn Gùn, kiri, àwọn ọlọ́kadà zémidjan á sì di ẹni tí ń bá èèyàn wá ibi tí wọ́n máa sùn. Àsìkò tí onílé àlejò fi ń san gbèsè iná nìyẹn.

Yàrá mẹ́rin ni mo ní, lẹ́yìn Mọ́sálásí Ńlá, èyí tí gbogbo àlejò máa ń bi mí pé ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni tẹ́lẹ̀. Mo ti fọ aṣọ ìbùsùn, mo ti pààrọ̀ àwọ̀n ẹ̀fọn, mo ti ra gáàsì sílẹ̀, obìnrin tó ń bá mi dáná sì ti da ẹ̀wà àkàrà sínú omi. Kò sẹ́ni tó pè. Ọ̀sán pọ́n, kò sẹ́ni tó pè. Mo ní kí ọmọ mi fi fóònù tirẹ̀ pè mí wò, tèmi dún dáadáa.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni ọkùnrin kan tó ní ilé àlejò lọ́nà Wàndó pè mí. Ọmọ ẹgbẹ́ lòun náà.

"Tàǹtí, ẹ kú oríire o. Ẹ ti kún, èmi náà ti kún, mo wá ní àwọn èèyàn kan lẹ́nu ọ̀nà tí mi ò mọ ibi tí n ó kó wọn sí."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo kún?"

"Ó wà nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Ojú ewé tó kẹ́yìn."

Mo ṣí i. Alága ń gé ríbọ́ọ̀nù ní ojú ewé kìn-ín-ní, alága ń bọ èèyàn pàtàkì kan lọ́wọ́ ní ìkejì, alága jókòó ní ìkẹta. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni àkójọ àwọn ilé tó lè gba àlejò fún àjọ̀dún wà. Orúkọ ilé mi wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ "complet" síwájú rẹ̀. Ìwé yìí kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn amọ̀nà, sí àwọn tó ń kó arìnrìn-àjò kiri, àti sí rédíò. Ìyẹn ni pé owó mi ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde pé kí ẹnikẹ́ni má wá sọ́dọ̀ mi.

Mo pe ọ́fíìsì wọn. Ọmọkùnrin kan gbé e, mò ń gbọ́ tí yìnyín ń dún nínú ife rẹ̀. Mo ṣàlàyé títí.

"Mo gbọ́ yín, Tàǹtí. Ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀sùn, kí ẹ buwọ́ lù ú, akọ̀wé àgbà á gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé."

"Ìpàdé ìgbà wo?"

"Oṣù kẹsàn-án."

Mo ní, "Ọmọ mi, ọ̀la ni àjọ̀dún." Ó tún ní, "Mo gbọ́ yín." Yìnyín tún dún. Mo ní kó fún mi ní ẹni tó jù ú lọ, ó sì gbé mi fún akápò.

Akápò ò kí mi tán tó fi bi mí bóyá mo ti san owó ẹgbẹ́. Mo ti san án láti oṣù kìíní, lórí fóònù, pẹ̀lú MoMo, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó ní àtẹ̀jíṣẹ́ kọ́ ni ẹ̀rí, rìsíìtì ni ẹ̀rí. Mo ní kó fún mi ní rìsíìtì. Ó ní ìpàdé gbogboogbò ni wọ́n ti ń pín in. Ìpàdé gbogboogbò ńkọ́? Oṣù kejìlá. Títí di ìgbà náà, ẹni tí kò ní rìsíìtì, ọmọ ẹgbẹ́ tí wọn ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni. Kí ló wá kan pé mo kún níbẹ̀? Ó fi sùúrù là á yé mi: fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe àkójọ náà, àpótí méjì péré ló ní, "yàrá wà" àti "ó ti kún". Ẹni tí wọn ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀, wọn ò lè kọ ọ́ sí "yàrá wà". Ó wá ku ibì kan ṣoṣo tí wọ́n lè kọ ọ́ sí.

Ẹ tún un kà bí kò bá yé yín. Èmi náà ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ, ohùn rẹ̀ ò yí padà. Mo bi í pé gbogbo ẹni tó sanwó láti oṣù kìíní ló ti kún bí? Ó ní rárá o, àwọn tó kó owó wá fún òun lọ́wọ́ gba rìsíìtì lójú ẹsẹ̀. Mo dákẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́ wò ó.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, kì í ṣe gbogbo nǹkan wọn ni mo kórìíra. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún wa lórí facture normalisée, ìwé owó tí ìjọba fọwọ́ sí, mo jàǹfààní rẹ̀ gan-an. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọkùnrin kan ti ń dà mí láàmú pé dandan ni kí n ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ òun kí n tó lè máa fún àlejò ní irú ìwé owó tí ìjọba fẹ́. Obìnrin tó kọ́ wa fi hàn wá lórí fóònù pé èèyàn lè ṣe é lórí e-MECeF, ojúlé àwọn agbowó-orí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láì ra ẹ̀rọ kankan, kó sáà ti ní IFU, nọ́ńbà owó orí rẹ̀. Ó jókòó ti àwa tí a ti dàgbà, ó ṣírò TPS, owó orí àwọn oníṣẹ́ kéékèèké, fún wa: ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé, fún iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ò ju mílíọ̀nù 50 sẹ́fà lọ lọ́dún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé lórí èrè ni. Taxe de séjour tí à ń gbà lọ́wọ́ àlejò, ó ní ká wá àpò tirẹ̀ fún un, ká má fi ra ẹja, torí owó ìjọba ni. Ọjọ́ yẹn, wọ́n fún wa ní oúnjẹ tó dáa pẹ̀lú.

Ẹ̀dínwó tìmùtìmù ńkọ́? Iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà Wàndó náà ni, bí èèyàn bá mọ ẹnu ná. Pátákó ẹnu ọ̀nà rẹwà fún bí òjò méjì, lẹ́yìn náà ọ̀dà rẹ̀ ń bó.

Ìwé ìròyìn yẹn gan-an ló ń bí mi nínú, kódà kí wọ́n tó kọ ilé mi sínú ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin pé àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà lè gba ìwé ọmọ ilẹ̀ yìí. Àwọn àlejò láti Martinique, Guadeloupe àti Bùràsíìlì ń wọlé tọ̀ mí wá, wọ́n ń wo ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wá nígbà àtijọ́, wọ́n ń bi mí pé ọ́fíìsì wo ni àwọn máa lọ, ìwé wo ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ àwọn. Ìròyìn tí onílé àlejò nílò nìyẹn. Wọn ò kọ ìlà kan. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn ò ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, tí àlejò Èkó gbẹ pátápátá, ohun tí mo rí kà ni ọjọ́ ìbí alága.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ Jímọ̀. Mo ti gbé àkàbà ti ògiri láti já pátákó wọn sílẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Ọmọbìnrin kan ni. Ó ní òun ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́.

"Tàǹtí, mo gbọ́ gbogbo ohun tí akápò bá yín sọ. Mi ò lè yí ìwé tó ti jáde padà. Yàrá mélòó ló kù?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀."

"Àkàrà ni àbí búrẹ́dì?"

Mo ní àkàrà àti ògì, búrẹ́dì wà fún ẹni tó bá fẹ́. Ó ní, "Ẹ má jìnnà sí fóònù yín o."

Ó sọ̀rọ̀ sínú WhatsApp ẹgbẹ́, ó sọ ọ́ ní Gùn, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sọ ọ́ ní Faransé. Mo ṣì tọ́jú rẹ̀. Ní Yorùbá ó ní: "Ẹ̀yin òbí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé Tàǹtí lẹ́yìn mọ́sálásí ò kún rárá, wọ́n ṣì í kọ ni. Yàrá mẹ́rin, àkàrà gbígbóná láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní àlejò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sun ìta." Kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣe é. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n bá a wí.

Ọkùnrin ọ̀nà Wàndó ló kọ́kọ́ dé, mọ́tò ara rẹ̀ ló fi gbé tọkọtaya kan láti Guadeloupe wá. Ilé kan ní Adjarra fi ẹbí kan láti Abẹ́òkúta ránṣẹ́, ẹrù wọn pọ̀ ju àwọn fúnra wọn lọ. Ẹni tó yà mí lẹ́nu jù ni obìnrin àdúgbò wa kan tí èmi àti ẹ̀ ò kí ara wa mọ́ láti ìgbà tó ti tan ọmọ tó ń bá mi fọṣọ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó fi akẹ́kọ̀ọ́ méjì ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n dárúkọ òun fún mi dáadáa. Mo ti gbọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Ìṣáì, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn ti di òótọ́. Àwọn tó dé lẹ́yìn ìyẹn, èmi náà ní ibi tí mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí.

Nǹkan tí mò ń sanwó fún nìyẹn, mi ò sì rí i kà nínú ìwé àǹfààní wọn rí. Àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí ń bá wa gba àlejò máa ń mú bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí yàrá ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 2,250 sẹ́fà ló ń lọ lóru kan. Owó ẹgbẹ́ jẹ́ 30,000 lọ́dún. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá fi àlejò òru mẹ́rìnlá péré ránṣẹ́ sí mi láàárín ọdún, owó yẹn ti padà, ó tún lé. Kò sẹ́ni tó ń gba ìdá kankan lọ́wọ́ ẹnì kejì. Bí tèmi bá kún, mo fi tèmi ránṣẹ́ sí ẹ, ó tán.

Ọmọbìnrin yẹn wá kí mi ní ọjọ́ Àìkú. Mo nawọ́ owó sí i, kò gbà, ó jẹ àkàrà. Ó fi ìwé kékeré kan hàn mí tó fi ń kọ orúkọ ilé wa. Àpótí mẹ́ta ló fà sínú tirẹ̀. Ìkẹta ni: "kò dájú, ẹ pè wọ́n." Ó ní òun ti fi han akọ̀wé àgbà, akọ̀wé sì ní òun á gbé e lọ sí ìpàdé.

Ìwé ìròyìn tó tẹ̀ lé e jáde. Àtúnṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé mo ní kí ọmọ mi bá mi kà á, wọ́n ṣi orúkọ ilé mi kọ, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èmi "àti ọkọ mi". Opó ni mí. Ní ojú ewé kìn-ín-ní, alága dúpẹ́ lọ́wọ́ ètò ìgbàlódé tí ẹgbẹ́ fi mú kí gbogbo ilé kún nígbà àjọ̀dún. Wọn ò dárúkọ ọmọbìnrin kankan.

Mo ti san ti ọdún yìí. Mo tún ti mú àbúrò mi ní Kétu wọlé, torí àwọn tó ń wá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Akaba Idena, ẹnubodè ìlú àtijọ́ ibẹ̀, máa ń bi mí níbi tí wọ́n lè sùn lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ má san owó lórí fóònù. Ẹ gbé e lọ fún akápò lọ́wọ́, kí ẹ má kúrò níwájú rẹ̀ láìgba ìwé. Ẹ béèrè ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà, òwúrọ̀ ni ẹ máa bá a.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ìkẹta wà lọ́dọ̀ akápò, wọ́n lè mú un lọ́jọ́ tí rìsíìtì mi ti ọdún tó kọjá bá jáde.