Ọjọ́ kan ní Ọ̀wọ̀: họ́ọ̀nù ò jẹ́ ká wo nǹkan tẹ́rùn

Àwọn kan wà l'Ákùúrẹ́ níbí tí wọ́n máa ń kó èèyàn lọ wo ibi ìṣẹ̀ǹbáyé lópin ọ̀sẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rẹ́ àbúrò mi wà lára wọn. ₦15,000 ni mo san fún Ọ̀wọ̀: ọkọ̀, oúnjẹ, owó ìwọlé. Aago méje ni wọ́n pè wá, aago mẹ́sàn-án kọjá kí bọ́ọ̀sì tó ṣí. Ó tán.

Mùsíọ́mù Ọ̀wọ̀ ló gbé mi kúrò nílé. Ọdún 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan tó sì wà níbẹ̀, ààfin Ọlọ́wọ̀ ni wọ́n ti kó o wá. Mo ti múra àtiwo igi gbígbẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Igbó Lájà, ibì kan ní Ọ̀wọ̀ níbẹ̀, tí bàbá amọ̀nà wa dá sílẹ̀ ló dá mi dúró. Ibẹ̀ ni Ekpo Eyo, onímọ̀ tó ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́, ti walẹ̀ ní 1971 tó fi bá àwọn ère amọ̀ sísun pàdé, èyí tí wọ́n ti lé ní 500 ọdún. Orí èèyàn wà níbẹ̀, ọwọ́ wà níbẹ̀, ẹkùn tó ń họ ẹsẹ̀ èèyàn jẹ náà wà níbẹ̀! Díẹ̀ nínú wọn wà ní mùsíọ́mù Èkó báyìí. Bàbá ní iṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ bá Ifẹ̀ tan, ó sì bá Ìbíní tan.

Ìgbà yẹn ni orí mi wú. Ìyá mi àgbà máa ń sọ ìtàn Ọ̀rọ̀nṣẹn fún wa, olorì tí àwọn orogún rẹ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, tí wọ́n da omi, tí wọ́n ju igi ìdáná sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀, títí tó fi bínú sá wọ igbó. Igbó Lájà wà nínú ìtàn yẹn. Àlọ́ ni mo pè é láti kékeré! Ọ̀rọ̀nṣẹn yìí náà ni wọ́n ń torí ẹ̀ ṣe ọdún Ìgógó, tí wọn kì í lu ìlù, agogo nìkan.

Mo fẹ́ bi bàbá ní ìbéèrè kan sí i ni dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ họ́ọ̀nù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré! A sáré gba iwájú ààfin kọjá, a wá jókòó wákàtí kan ààbọ̀ sídìí iyán. Iyán yẹn dùn o, mi ò ní purọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo dá wọ mọ́tò Ọ̀wọ̀. Bí mo ṣe wọlé, bàbá wò mí títí, ó ní, "Ìwọ kọ́ ni wọ́n ń fi họ́ọ̀nù pè lọ́jọ́sí?"