Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí kan n'Ìbàdàn àti mátírọ́ọ̀nù tó ń béèrè ẹ̀rí

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró ti àbúrò mi obìnrin ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ilé ìwòsàn ìjọba kan n'Ìbàdàn. Ọ̀dà ara ògiri wọn ti ń ṣí, méjì nínú fáànù mẹ́rin ni kò ṣiṣẹ́, síbẹ̀ bí aboyún mìíràn bá wà nílé wa, ibẹ̀ náà ni n ó mú un lọ, nítorí mátírọ́ọ̀nù tó ń darí wọn.

Kété tí ọmọ délẹ̀, nọ́ọ̀sì tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìdí ìyá ọmọ, wọ́n ti fa ìlà àti nọ́ńbà sí i lára, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn sínú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí wákàtí kan fi pé, ó ń ka ìlà náà, ó sì ń tẹ ikùn wò. Mátírọ́ọ̀nù ṣàlàyé fún mi pé ojú ni àwọn fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú sì máa ń dín in kù. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé 500 mílílítà báyìí, kò sí àríyànjiyàn mọ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà ti pọ̀ jù. Ìwádìí E-MOTIVE ló gbára lé, èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá yìí, tí wọ́n sì ṣe gbogbo ìtọ́jú tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí fífọwọ́ ra ilé ọmọ dé orí oxytocin, oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ súnkì, àti tranexamic acid, oògùn tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, ewu ńlá tí ẹ̀jẹ̀ yíya ń fà fi ìdá 60 nínú 100 dín kù.

Ẹlòmíràn ì bá lẹ ìwé mọ́ ògiri kó sì máa lọ. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo rí i tó da omi sóbò sára aṣọ, tó ní kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sọ iye tó rò pé ó jẹ́. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn sọ ìdajì iye tó wà níbẹ̀ gan-an; gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún sọ pé ojú òun tó o.

Ẹjọ́ méjì ni mo ní. Àwa fúnra wa la sáré jáde lọ ra ọ̀rá náà nígbà tí ìrọbí ti mú àbúrò mi, nítorí tiwọn ti tán. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Èkejì burú jù ú lọ: lóru ọjọ́ kejì, nígbà tí mátírọ́ọ̀nù ti relé, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ ìwọ̀n ìfúnpá obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tiwa sínú ìwé láìso ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Nígbà tí mo sọ fún mátírọ́ọ̀nù láàárọ̀, kò bínú sí mi, kò sì gbèjà ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà, ó fi ìka lé ìlà òru, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, aago mélòó ni ẹ rí i?”