Àyẹ̀wò Lolli: gbogbo kíláàsì nínú ike kan ṣoṣo

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Nordrhein-Westfalen ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò Kòrónà alákòópọ̀ tí wọ́n ń pè ní Lolli ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ọmọbìnrin mi ń ṣe é ní Köln, láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ yóò lá igi olówùú bí ẹni ń lá súwíìtì fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, olùkọ́ yóò kó ti gbogbo kíláàsì sínú ike kan, ilé àyẹ̀wò yóò sì fi PCR, ọ̀nà tó ń wá àmì kòkòrò àrùn náà bó ti wù kó kéré tó, yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni ín. Kò sí pé wọ́n ń ti igi bọ imú, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun, nítorí onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, Robert Dorfman, ti dá a lábàá ní Amẹ́ríkà ní 1943, kí wọ́n lè fi wá àrùn sífílíìsì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń wọṣẹ́ ológun. Bí kò bá sí àrùn nínú ike, àyẹ̀wò kan ti tó fún ọmọ 25, bí ó bá sì wà níbẹ̀, a lè rí ọmọ tí kò wúkọ́, tí ara rẹ̀ kò gbóná, ṣùgbọ́n tó ti ń gbé e kiri.

Àléébù rẹ̀ hàn sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì ọmọ náà lọ́wọ́, tí iṣẹ́ ránṣẹ́ wọlé pé àrùn wà nínú ike wọn. Ó bọ́ bàtà, ó ní, “Mọ́mì, ta ló ní in nínú wa?” N kò lè dáhùn. Gbogbo kíláàsì jókòó sílé, olúkúlùkù tún àyẹ̀wò ṣe, ọjọ́ méjì sì kọjá kí èsì tiwa tó dé pé kò ní in.

Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n ní kí ọmọ lá igi méjì, kí ilé àyẹ̀wò lè tọ́jú ìkejì dè ọjọ́ tí ike bá fi àrùn hàn. Àtúnṣe gidi ni, ṣùgbọ́n Omicron, ẹ̀yà Kòrónà tó ń yára tàn, ti dé. Bí ọmọ kan nínú 100 bá ní àrùn, nǹkan bí 22 nínú irú kíláàsì 100 ni yóò fi í hàn. Bí ó bá di ọmọ 5, kíláàsì náà di 72, àǹfààní àkópọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Iṣẹ́ bo àwọn ilé àyẹ̀wò mọ́lẹ̀, nígbà tí oṣù kejì sì fi máa parí, àyẹ̀wò kíákíá tí a ń ṣe nílé ti rọ́pò rẹ̀.

Níbi tí àrùn bá ti ṣọ̀wọ́n, màá tún gbà á fún ọmọ mi, bí wọ́n bá ti ń tọ́jú igi kejì.