Ọ̀dà Wo Ló Yẹ Ère Sójà Ayé Àtijọ́?

Kí ẹ tó náwó sórí ọ̀dà tí ẹ máa fi kun ère sójà kéékèèké, ẹ mọ ohun méjì: ọdún tí sójà yẹn wọ aṣọ náà, àti ohun tí ẹ máa fi kùn ún. Orúkọ ara ìgò kò tó.

Búrọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ lò? Vallejo Model Color ti ilẹ̀ Sípéènì ni kí ẹ rà. Omi lásán la fi ń pò ó, ẹnu ìgò rẹ̀ ń kán an díẹ̀díẹ̀, bó bá sì gbẹ, kì í dán, ó jọ aṣọ gan-an. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa ṣí kúrò lára ère onírin. Tamiya ti Japan, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ ọ̀dà ló bá a mu. Ó ń yára gbẹ débi pé tí ẹ bá tún fi búrọ́ọ̀ṣì gba orí rẹ̀, ti abẹ́ á máa ká. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọkọ̀ ogun, n ò jẹ́ fi kun ojú èèyàn. Humbrol inú agolo mílílítà 14 lẹ̀ típẹ́típẹ́, ṣùgbọ́n ó ń rùn, kì í tètè gbẹ, omi ò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì.

Àwọ̀ gan-an ló gba ìrònú. Ní ogun Waterloo lọ́dún 1815, gbòǹgbò madder ni wọ́n fi pa aṣọ àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì láró, ó pupa rúsúrúsú. Kòkòrò cochineal ni wọ́n fi pa ti àwọn ọ̀gá wọn, ìyẹn pupa fòò. Ẹni tó bá ra pupa kan ṣoṣo fún gbogbo wọn ti pa ipò wọn rẹ́. Ẹ ra méjì, owó yẹn tọ́ sí i.

Sójà Faransé tọdún 1914 wọ ṣòkòtò pupa. Láti 1915, búlúù rẹ́súrẹ́sú ló gbòde. Ọkọ̀ ogun Jámánì tó jà ní Faransé lọ́dún 1940 kò nílò Dunkelgelb, ìyẹn yẹ́lò ṣíṣókùnkùn, rárá, torí oṣù kejì 1943 ni àṣẹ jáde pé kí wọ́n fi yẹ́lò yẹn rọ́pò àwọ̀ eérú dúdú.

Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì láàárín ìgò méjì, ẹ mú èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀: àwọ̀ tó bá ojúlówó aṣọ mu rẹ́gí máa ń ṣókùnkùn jù lára ère tó ga ní mílímítà 28. Àpótí ọ̀dà tí wọ́n ti ṣà jọ dára fún ẹni tó fẹ́ kun ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan péré. Ẹni tó ń ti ogun kan bọ́ sí òmíràn, kó máa ra ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan.