Àgbéyẹ̀wò ráútà 4G kan: eré wà, àmọ́ ìpè ń fà

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ráútà yìí. Ráútà orí tábìlì ni, èyí tí wọ́n ń ki síìmù sí, tó ní ojú wáyà méjì lẹ́yìn, tí kò sì ní bátìrì. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ló ń tà á pẹ̀lú dátà oṣooṣù. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn ráútà olówó pọ́ọ́kú tó wà lórí àtẹ.

Iṣẹ́ tí mò ń fi í ṣe ni pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London lédè wa lórí Zoom, láti orí kọ̀ǹpútà Windows tó wà ní pálọ̀ mi n'Íbàdàn. Nínú irú iṣẹ́ yìí, kí àwòrán má mọ́ gaara kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìdádúró ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Màá bi ọmọ ní ìbéèrè, kẹ́kẹ́ á pa. Màá rò pé kò gbọ́, màá tún un bi, àṣé ó ti ń dáhùn ti àkọ́kọ́, ohùn wa á wá kọlu ara wọn. Ìyá rẹ̀ á ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un sọ." Bẹ́ẹ̀, tí mo bá fi speedtest, ètò tó ń wọn eré íńtánẹ́ẹ̀tì, wò ó, ó ń gbé nǹkan bíi 25Mbps. Zoom fúnra wọn ní 1.2Mbps ti tó fún àwòrán 720p láàárín ẹni méjì. Kí ló wá ń fà á?

Àwọn tó ń gbé fóònù oníbàárà ní kí n pa ráútà náà, kí n tún un tàn. Nígbà tí ìyẹn ò ran nǹkan kan, wọ́n ní kí n ra pákéèjì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí yìí ni ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ti já bọ́ lọ́wọ́ wọn, torí ìmọ̀ràn tó ń náni lówó lásán ni. Mbps ń sọ bí ẹrù tí ọ̀nà lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pọ̀ tó. Àkókò tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ tó fi ń bọ̀ ni wọ́n ń pè ní ping, mìlísẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ms, ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bọ́ọ̀sì lè kún fún èrò kó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mọ́kọ́lá. Èrò pọ̀ lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì débi iṣẹ́. Fún ìpè ohùn, ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, dámọ̀ràn kí ìdádúró láti ẹnu ẹnì kan dé etí ẹnì kejì má kọjá 150ms.

Kí ẹ tó bínú sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń fà. Ẹ tẹ cmd sínú àpótí ìwákiri Windows, ẹ ṣí i, ẹ kọ ipconfig. Nọ́ńbà tó wà níwájú "Default Gateway" ni àdírẹ́sì ráútà yín. Ẹ wá kọ ping, nọ́ńbà yẹn, lẹ́yìn náà -t, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa sáré fún ìgbà díẹ̀. Lórí Wáì-Fáì, tèmi ń mú 3ms wá, lójijì á fò sí 90, á tún fò sí 240, lẹ́yìn náà "Request timed out", ìyẹn ni pé èsì ò dé rárá. Mo fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Cat5e láti ẹ̀yìn ráútà lọ sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ sì di "<1ms". Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tíì dá sí ọ̀rọ̀ yìí rárá o! Àárín kọ̀ǹpútà àti ráútà, nínú pálọ̀ kan náà, ni nǹkan ti ń bàjẹ́.

Ohun tó fà á ni pé ìgbì rédíò 2.4GHz nìkan ni ráútà yìí ń lò fún Wáì-Fáì. Ojú ọ̀nà (channel) mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni kì í gun orí ara wọn níbẹ̀, gbogbo ilé tó yí mi ká ló sì wà lórí wọn. Máíkíròwéèfù náà ń pariwo sórí ibì kan náà. "300Mbps" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ò yanjú èyí. Wáyà tó wà nínú páálí kúrú débi pé ẹ ní láti gbé kọ̀ǹpútà lé ráútà lórí. Ẹ ra tiyín.

Wáyà tún ìdajì ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ìdajì kejì le díẹ̀. Tí ilé bá dákẹ́, ping 8.8.8.8, tó jẹ́ àdírẹ́sì Google kan, ń mú nǹkan bí 45ms wá, èyí tó dára fún 4G. Àmọ́ bí ohun kan bá ti ń gbé fáìlì sókè, ó ń kọjá 1,000. Ẹ lè rí i láìkọ nǹkan kan: ẹ lọ sí fast.com, tó jẹ́ ti Netflix, ẹ tẹ "Show more info", ẹ wo "Unloaded" àti "Loaded". Bí èkejì bá fi ìlọ́po ìlọ́po ju èkíní lọ, ráútà yín ń to ẹrù jọ sórí ìlà gígùn, ohùn yín sì wà lẹ́yìn ìlà náà. Bufferbloat ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwọn ráútà tó ṣe dáadáa máa ń jẹ́ kí ìpè kọjá síwájú, tàbí kẹ́ ẹ dín ti fóònù kọ̀ọ̀kan kù. Mo tú gbogbo ojú ewé ètò tèmi, kò sí i níbẹ̀. Ìràwọ̀ kejì lọ.

Nígbà tí ráútà ò lè ṣèdájọ́, èmi ni mo ń ṣe é. Mo tẹ Ctrl+Shift+Esc láti ṣí Task Manager, mo to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ nípa "Network", OneDrive, ibi ìpamọ́ fáìlì Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sì yọjú lókè pátápátá: ó ń kó gbogbo ohun tó wà lórí Desktop mi lọ. Inú ètò rẹ̀ ni mo ti dín bó ṣe ń gbé nǹkan sókè kù. Lẹ́yìn náà ni Delivery Optimization, tí Windows fi lè máa pín ìmúdójúìwọ̀n fún kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn pẹ̀lú dátà tèmi. Ta ló rán wọn níṣẹ́? Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí àfikún tó tó 50% lórí owó ìpè àti dátà ní oṣù Kìíní 2025, mi ò ní dátà ìtọrẹ. Mo pa á, mo sì yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sí "Metered connection" kí Windows lè máa ṣọ́ dátà lò. Àwọn ọmọ ilé ti mọ̀ pé Google Photos kì í ṣe backup títí kíláàsì á fi parí.

Ti DNS, ohun tó ń yí orúkọ ojú ewé padà sí nọ́ńbà, tí gbogbo èèyàn ń pariwo: 1.1.1.1 lè jẹ́ kí ojú ewé tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kò kan ìpè.

Ibi tẹ́ ẹ gbé ráútà sí ṣe pàtàkì gan-an. Ojú ewé ráútà náà ń fi RSRP, ìyẹn agbára àmì tó ń ti ọ̀dọ̀ òpó wá, hàn, mo sì yìn wọ́n fún ìyẹn. Lórí fíríìjì, tèmi jẹ́ -108. Lójú fèrèsé tó kọjú sí òpó, ó di -89. Bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe dára tó. Síbẹ̀, láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́, tí gbogbo àdúgbò bá gun orí òpó kan náà, kò sí fèrèsé tó lè gbà yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tí wáyà abẹ́ òkun bá já, bíi 14 oṣù Kẹta 2024 tí WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lápá Abidjan. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ráútà sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ó kù ọ̀rọ̀ iná. Bí NEPA bá ṣẹ́jú lásán, ráútà náà á kú, á sì pẹ́ kó tó rí òpó padà, kíláàsì ti tú ká nìyẹn. Mini-UPS, bátìrì kékeré tó ń gbé ráútà nígbà tí iná bá lọ, ni mo fi gbà á sílẹ̀. Tèmi ń lo 12V. Ẹ wo ara ádápítọ̀ tiyín kẹ́ ẹ tó ra, torí àwọn ráútà míì jẹ́ 5V tàbí 9V, 12V sì lè jó wọn.