Gates BC-1T tàbí Collins 20V: èwo ló yẹ kí oní-ham gbé wálé?

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ rédíò tó bá ti ra tíránsímítà tuntun kì í fẹ́ rí àtijọ́ nílẹ̀ mọ́. "Ẹ wá gbé e" ni iye tí ọ̀pọ̀ wọn ń dá lé e. Gbígbé rẹ̀ gan-an ló wọ́n: àpótí irin tó ga tó ènìyàn, tí tíránsífọ́mà jókòó sí ìdí rẹ̀ bí ọlọ. Kílówáàtì kan ni Gates BC-1T àti Collins 20V, tíránsímítà ilé-iṣẹ́ AM àtijọ́ méjì tí oní-ham, ẹni tó ń fi rédíò sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn, lè gbé wálé. Ẹ má yà sídìí ti kílówáàtì 5; iná fésì mẹ́ta ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ, ilé gbígbé níbẹ̀ kì í sì í ní in.

Òfin FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò ní Amẹ́ríkà, fún ham ni wáàtì 1,500 níbi tí ohùn bá ti ga jù. Lórí AM, bí ohùn bá kún un tán, agbára ibẹ̀ yẹn ń di ìlọ́po mẹ́rin carrier (ìgbì lásán tí ohùn kò tíì sí lórí rẹ̀), torí náà carrier yín ò gbọdọ̀ ju wáàtì 375 lọ. Ẹni tó bá lò ó bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń lò ó ti rú òfin kó tó kí àwọn èèyàn tán. Ẹ béèrè bóyá ó ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dín agbára kù lálẹ́. Wáàtì 250 tó yín.

Gates ní fáàfù (ìgò gíláàsì tó ń mú agbára pọ̀ sí i) 833A mẹ́rin, méjì fún ìgbì, méjì fún ohùn. Tí wọ́n bá tàn, yàrá mọ́lẹ̀ bíi pé gílóòbù wà níbẹ̀. Mo gbà pé ìyẹn nìkan ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn rà á. Ṣùgbọ́n triode ni, fáàfù oní-ẹ̀yà mẹ́ta: ó fẹ́ agbára púpọ̀ látẹ̀yìn, ó sì ń fẹ́ neutralization, àtúntò tí kì í jẹ́ kó máa dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀. Ká gbé e lọ sí 1885 kHz, ìgbì ham, kò le, nítorí 1700 kHz ni ìgbì ilé-iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí. Ẹ yọ ìyípo díẹ̀ lára kọ́ìlì. Ní 3885 kHz, ìgbì ham mìíràn, iṣẹ́ tuntun ni, neutralization sì tún di àtúnṣe.

Collins ń lo 4-400A mẹ́rin. Tetrode nìyẹn, fáàfù oní-ẹ̀yà mẹ́rin: agbára kékeré látẹ̀yìn tó o, ẹ̀rọ VFO (èyí tí a fi ń yan ìgbì) pẹ̀lú amúgbèrú kékeré kan ti tó. Ẹni tó fẹ́ máa fò láti ìgbì kan sí èkejì, Collins ni mo máa ní kó gbé. Àmọ́ fáàfù yìí kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí atẹ́gùn lábẹ́ rẹ̀, ariwo fáànù náà á sì máa wọ gbohùngbohùn. Bí ẹ bá dín fólítéèjì plate (ẹ̀yà fáàfù tí iná ńlá ń wọ̀) kù, ẹ dín ti screen (ẹ̀yà tí tetrode fi ju triode lọ) náà, kó má jóná.

Méjèèjì ní àìsàn kan náà: àárọ̀ ni wọ́n ń tàn án, alẹ́ ni wọ́n ń pa á. Ham ń sọ̀rọ̀, ó ń dákẹ́, ó tún ń sọ̀rọ̀, gbogbo ìgbà náà ni contactor, ṣíwíìṣì iná ńlá rẹ̀, á máa dún "gbì!" Ẹ jẹ́ kí filament, wáyà tó ń mú fáàfù gbóná, máa tàn, kí ẹ máa pa plate nìkan, kí relay (ṣíwíìṣì) áńtẹ́nà sì kọ́kọ́ yí kí plate tó dé.

Ti aláìnífáàfù fúyẹ́, kì í jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n ìgbì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ fún. Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó ké sí ọkọ̀, ẹ fi mítà wọn modulation transformer, tíránsífọ́mà tó ń gbé ohùn sórí carrier, torí bí ó bá ti gé, òun ló ṣòro jù láti rí. Ẹ sì wo àwọn kàpásítọ̀ ńlá: Amẹ́ríkà fòfin de ṣíṣe PCB, òróró olóró inú kàpásítọ̀ àtijọ́, ní 1979, èyí tó bá ń jo òróró láti ṣáájú ìgbà náà, ẹ má fọwọ́ kàn án.