Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì Statue of Liberty lọ́wọ́ àwọn tó ń dá èèyàn dúró ní ọgbà Battery Park!

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra àtilọ sí New York, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó gbéra. Sátidé tó kọjá ni wọ́n lu èmi àti ìyá mi ní jìbìtì, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Abẹ́òkúta ni màmá ti wá kí wa. Nínú gbogbo ohun tó wà ní New York, ẹyọ kan ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí: ère Statue of Liberty, èyí tí àwọn ará Faransé fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, tí wọ́n ṣí ní 1886. Wọ́n ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé abẹ́ ẹsẹ̀ ère yẹn gan-an ni àwọn máa ti ya fọ́tò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n wé gèlè aṣọ òkè, wọ́n fún un pinpin nítorí atẹ́gùn orí omi.

Bí a ṣe jáde nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní South Ferry ni ọkùnrin kan dá wa dúró. Ó wọ ẹ̀wù pupa aláìlápá, ó fi káàdì kọ́rùn, àwòrán ère náà sì wà lára káàdì ọ̀hún. Ó kí màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì ti tán nínú ọgbà, pé ìlà gùn tó wákàtí mẹ́ta, pé àgbàlagbà bíi tiwọn kò yẹ lẹ́ni tó ń dúró nínú oòrùn. Ọ̀rọ̀ màmá tó mẹ́nu bà yẹn ló mú mi. Dọ́là 45 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwa mẹ́rin tí a jọ lọ, ó di dọ́là 180. POS ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbà á.

Ọkọ̀ ojú omi tó ní ká wọ̀ sún mọ́ ère náà lóòótọ́. Màmá dìde, wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, wọ́n ń retí ká gúnlẹ̀. Àfi bí ọkọ̀ ṣe ṣẹ́rí padà. Wọ́n yíjú sí mi: "Ìyá Fọlá, ṣé wọn ò ní já wa sílẹ̀ ni?" N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní àwọn kì í gúnlẹ̀ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọkùnrin yẹn pé ṣé a máa sọ̀ kalẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ojúkorojú!

Ẹ gbọ́ o: ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìjọba fún láṣẹ láti gbé àlejò dé erékùṣù tí ère náà wà, Statue City Cruises ni. Bíi dọ́là 25 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà, Ellis Island, erékùṣù kejì tó wà nítòsí, sì wà nínú rẹ̀. Ẹ rà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ wọ inú Castle Clinton, odi olókùúta róbótó tó wà nínú ọgbà Battery Park. Wọn kì í kiri tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lójú títì. Ẹni yòówù kí ẹ jẹ́, wọ́n á yẹ ara àti ẹrù yín wò bíi ti pápákọ̀ òfurufú kí ẹ tó wọkọ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní òun máa mú yín fo ìlà yẹn, ẹ sá fún un.

Àwọn kan tiẹ̀ ń gbowó lórí ọkọ̀ Staten Island Ferry, ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Manhattan sí erékùṣù Staten Island, tó ti di ọ̀fẹ́ láti 1997! Kò ní tíkẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ kàn wọlé, ẹ jókòó sápá ọ̀tún bí ẹ bá ń ti Manhattan lọ, ẹ óò rí ère náà láti ọ̀ọ́kán láìná kọ́bọ̀.

Mo ti fi ẹjọ́ sun báńkì mi. Orúkọ tó wà lára rísíìtì kò bá èyí tó wà lára káàdì ọrùn ọkùnrin náà mu, mo sì ti fi fọ́tò rísíìtì ránṣẹ́ sí wọn. Ọjọ́rú ni màmá ń padà sílé. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín gan-an, màmá sì ti yọ gèlè aṣọ òkè yẹn sọ́tọ̀.